Wákàtí kan tí mo fi di aṣọ ní Ìtòkú, ṣé ìyẹn náà niṣẹ́?

Ọmọ Ìtòkú:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ mẹ́ta, mo ní kí n kó o wá síbí torí mo mọ̀ pé àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀ wà láàárín wa.

Ilé wa ò jìnnà sí ọjà Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta. Àdìrẹ ni màmi ń ṣe, ọwọ́ ìyá tiwọn ni wọ́n ti kọ́ ọ. Mo parí ìwé, mo sin ìlú tán ní 2022, àtìgbà náà ni mo ti ń wáṣẹ́. Bí mo ṣe wà nílé yìí, mo máa ń bá màmi di aṣọ, mo máa ń gbé e lọ síbi aró, mo máa ń sá a. Wọn kì í sanwó fún mi. Mò ń jẹun níbẹ̀, nígbà míì wọ́n á fún mi lówó dátà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan wọlé tọ̀ wá, ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì dání, ó fi káàdì ẹ̀ hàn wá, ó ní àwọn ń ṣe ìwádìí nípa iṣẹ́ láti ilé dé ilé. Ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni, ó kúnlẹ̀ kí màmi kó tó jókòó. Nígbà tó kàn mí, ó ní láàárín ọjọ́ méje sẹ́yìn, ṣé mo ṣe iṣẹ́ kankan tó mówó wọlé, kódà kó jẹ́ wákàtí kan péré? Mo ní rárá. Màmi ló rán mi létí pé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo bá aládùúgbò wa kan di àdìrẹ oníko, wọ́n sì fún mi ní ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Òótọ́ ni. Nǹkan kan ṣoṣo tí mo rí ṣe lọ́sẹ̀ yẹn nìyẹn, torí òjò ò jẹ́ kí aṣọ gbẹ. Ọmọbìnrin náà tẹ nǹkan, ó bi mí ní ìbéèrè mélòó kan sí i. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, mo bi í pé kí ló kọ fún mi. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ níṣẹ́ lọ́wọ́."

Mi ò bá a jà, iṣẹ́ tiẹ̀ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dénú eegun. Tí wọ́n bá ń kà á lórí rédíò pé àwọn tí kò ríṣẹ́ ò ju ìdá mẹ́rin tàbí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ṣé èmi náà wà lára àwọn tó níṣẹ́ yẹn? Ta ló fi wákàtí kan ṣe òṣùwọ̀n?

Ẹ̀gbọ́n Pánṣẹ́kẹ́:

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Mo ti ṣe irú iṣẹ́ ìwádìí ilé dé ilé yẹn rí, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, o wà níbẹ̀. Kódà lọ́sẹ̀ tó ò bá rí iṣẹ́ aládùúgbò ṣe, tó o bá ti bá màmá ṣe tó wákàtí kan, wọ́n á ṣì kà ẹ́. Ẹni tó bá ń bá ẹbí ẹ̀ ṣe òwò tó ń mówó wọlé, òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń pè é, wọn ì báà má sanwó fún un. Aṣọ màmá tó ò ń dì yẹn, iṣẹ́ ni nínú ìwé wọn.

Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ tó 20 wákàtí lọ́sẹ̀, aláìríṣẹ́ ni NBS, àjọ ìjọba tó ń ṣe ìṣirò fún Nàìjíríà, ń kà á sí. Òṣùwọ̀n yẹn ló gbé ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún jáde fún oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún 2020. Ní 2023 ni wọ́n gbé òṣùwọ̀n tuntun jáde, èyí tí ILO, àjọ àgbáyé fún ọ̀rọ̀ iṣẹ́, fi lélẹ̀: wákàtí kan láàárín ọjọ́ méje. Ló bá di 5.3 fún ìparí 2022, ó di 4.1 fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 2023. Ẹni tó fi dẹ́ríkà wọn gààrí lánàá, tó wá mú kóńgò lónìí, iye tó máa kà á dín kù, gààrí inú àpò ò yí padà. Ẹ má fi ti 2020 wé ti 2023, inú ń bí mi tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan ṣe é, yálà ó fẹ́ yin ìjọba ni o tàbí ó fẹ́ bú u.

Kí wọ́n tó pè èèyàn ní aláìríṣẹ́ báyìí, kò gbọ́dọ̀ ṣe tó wákàtí kan, ó gbọ́dọ̀ máa wá iṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rẹ́ ẹ kan bá wà tó ti rẹ̀ ẹ́, tó jáwọ́ nínú wíwáṣẹ́, kò sí lára òṣìṣẹ́, kò sì sí lára aláìríṣẹ́. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò yẹn pátápátá. Èyí ló máa ń dùn mí jù.

Ibi tí wàá ti rí ara ẹ wà nísàlẹ̀ ìwé tí NBS gbé jáde. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tí kò tó 40 wákàtí lọ́sẹ̀, tí wọ́n sì fẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, jẹ́ ìdá 12.2 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ 2023 yẹn. Àwọn tí iṣẹ́ wọn ò ní ìwé, tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì, ìdá 92.6 ni wọ́n. Rédíò kì í ka ìyẹn.

Ọmọ Ìtòkú:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ó bi mí lóòótọ́ pé wákàtí mélòó ni, àti bóyá mo fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò mọ̀ pé ìyẹn ṣe pàtàkì.

Ìyá Ìbejì Adátán:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀ka tèmi, torí ọ̀rọ̀ òǹkà yìí ń dá wa láàmú. Ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ni mo ti ń ṣe àkọsílẹ̀ níbí. Ìkànìyàn tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ní Nàìjíríà, 2006 ni: 140,431,790 gbogbo wa, Ògùn sì jẹ́ 3,751,140. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní oṣù Karùn-ún 2023, wọ́n sún un síwájú. Torí náà, orí iye ti 2006 la ṣì ń fi díẹ̀díẹ̀ lé lọ́dọọdún. Nínú iye yẹn, wọ́n á ní ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ìdá 5 ni aboyún. Abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n ń gbé wá fún wa, orí ẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò ẹ̀.

Ẹ wo Ọbántokò. Igbó ló wà níbẹ̀ nígbà kan, ilé ti kún un, àwọn ará Èkó ń kó wá. Ládùúgbò tó bá ń gbòòrò báyẹn, ìwé á sọ pé a ti fún ju ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ lábẹ́rẹ́. Báwo la ṣe ń fún ju gbogbo ọmọ lọ? Iye ọmọ inú ìwé ló kéré sí iye tó wà nílẹ̀. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kan náà, oògùn á tán nígbà tí àwọn ìyá ṣì jókòó lórí bẹ́ńṣì. Mo ti sọ fún ìyá kan rí pé kó padà wá lọ́la, ó sì ti ọ̀nà jíjìn wá. Ojú ẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi.

Ohun kejì: iye àwọn ọmọ tó ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún, 132 nínú ẹgbẹ̀rún ni ìwádìí ìlera ilé dé ilé ti 2018 sọ, ti 2023 sí 2024 sọ pé 110. Ẹnu àwọn ìyá ni wọ́n ti gbà á, torí ọ̀pọ̀ ikú ọmọdé kì í dénú ìwé kankan. Wọ́n á jókòó tì wọ́n, wọ́n á ní kí wọ́n ka gbogbo ọmọ tí wọ́n bí, àti èyí tó lọ. Ẹ sì mọ̀ pé a kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ. Mo ti rí ìyá tó bí méje tó ní márùn-ún, tí kò fẹ́ dárúkọ àwọn méjì yẹn. Mi ò bá a wí. Àmọ́ bí ó bá dákẹ́, àwọn méjì yẹn ti tún kú lẹ́ẹ̀kejì. Tí irú ọmọbìnrin onítábúlẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ bá dé tó bi yín léèrè ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún un.

Oníkẹ̀kẹ́ Láfẹ́ńwá:

Èmi tí mò ń wa kẹ̀kẹ́ láti aago márùn-ún ìdájí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, èmi àti ẹni tó ṣe wákàtí kan jọ wà nínú iye kan ṣoṣo? Kò dáa bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Pánṣẹ́kẹ́:

Ẹ jọ wà níbẹ̀, ọ̀gá. Ìdí tó fi yẹ kí wọ́n máa ka wákàtí pọ̀ mọ́ ọn fún wa nìyẹn.

Ọmọ Ìtòkú:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sétí màmi, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ìbéèrè kan ló kù, ẹ̀gbọ́n: ìyá àgbà mi ní Ọ̀dẹ̀dá ń gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n ń jẹ lára ẹ̀, wọ́n ń ta díẹ̀. Ṣé òṣìṣẹ́ làwọn náà?

Ẹ̀gbọ́n Pánṣẹ́kẹ́:

Bi wọ́n bóyá torí jíjẹ ni oko náà tàbí torí títà. Tó bá jẹ́ pé jíjẹ ló pọ̀ jù, wọn ò ní kà wọ́n sí òṣìṣẹ́.

Ọmọ Ìtòkú:

Mo ti pè wọ́n. Wọ́n ní jíjẹ ló pọ̀ jù. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin ni wọ́n, àárọ̀ yìí náà ni wọ́n dé láti oko.