Ṣé Júù lè wà tí ò gba Ọlọ́run gbọ́?

Ọmọ Kabba: Ẹ jọ̀ọ́ o, ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ mi, Júù ni, ó ní kò sí Ọlọ́run, àmọ́ tó bá ti di àjọ Ìrékọjá kò ní fẹnu kan búrẹ́dì tó ní yíìsì, báwo nìyẹn ṣe jẹ́?

Ará Ìsánlú: Ó wà dáadáa. Nínú òfin wọn, ẹni tí ìyá ẹ̀ bá ti jẹ́ Júù, Júù ni, ìgbàgbọ́ kọ́. Rábì Sherwin Wine tiẹ̀ dá ìjọ tí kì í gbàdúrà s'Ọ́lọ́run sílẹ̀ ní Michigan, l'Amẹ́ríkà, ní 1963.

Ìyá Mopa: Rábì tí kì í gbàdúrà kẹ̀! Háà.

Ará Ìsánlú: Mọ̀mí, ṣebí àwa náà ń ti ṣọ́ọ̀ṣì sáré lọ wòran egúngún?

Ọmọ Kabba: Àwa olùwòran nìyẹn, àwọn àgbà tó ń gbé e jáde gbà á gbọ́ o.