Re: «Àlọ́gbọ́n»: ta ló ní kí ẹ fi ọgbọ́n kún un?

Akọ̀wé Ìjẹ̀bú:

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Àbúrò wa Atúmọ̀ ń yí ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Lakota, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ìyẹn àwọn tí ìwé ń pè ní Sioux, sí Yorùbá. Iṣẹ́ ńlá ni, mo kí i. Àmọ́ nígbà tó dé ibi tí wọ́n ń pè ní ohúŋkakaŋ, ìtàn alẹ́ ìgbà òtútù, ó dá «àlọ́gbọ́n» sílẹ̀ fún un. Ó ní àlọ́ àti ọgbọ́n ni òun so pọ̀, torí pé ẹ̀kọ́ ìgbésí ayé ló kún inú wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ohùn rẹ̀. À iwájú yẹn, ohùn ìsàlẹ̀ ló gbé e dúró. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi ohùn àárín sí i, ó di alọ́gbọ́n: ẹni tó ń lọ́ ọgbọ́n, bí apẹja ṣe jẹ́ ẹni tó ń pẹja. Èèyàn mélòó ló ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù lónìí? Ìwé á jáde tán, ìdajì àwọn tó bá kà á á ní ọlọ́gbọ́n ni akọ̀wé fẹ́ kọ, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣì.

Ìyẹn kọ́ ni ìjà mi gan-an. Àwọn Lakota ní ọ̀rọ̀ fún ọgbọ́n: wóksape. Ksápa ni kí èèyàn gbọ́n, wó- iwájú rẹ̀ ló sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ orúkọ, bí ọ- ṣe sọ gbọ́n di ọgbọ́n lọ́dọ̀ wa. Wọ́n kà á mọ́ ìwà mẹ́rin tí wọ́n fi ń tọ́ ọmọ: ìgboyà, ìfaradà, ìlawọ́, ọgbọ́n. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu wọn, wọn ò sì fi í sínú orúkọ ìtàn.

Ẹ wo Iktomi, aláǹtakùn wọn, tó tún ń rìn bí èèyàn. Ó gbé ẹrù kan kọ́ ẹ̀yìn, ó sọ fún àwọn pẹ́pẹ́yẹ pé orin ló wà nínú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n máa jó, kí wọ́n dijú, pé ojú ẹni tó bá là á á pọ́n. Bí wọ́n ṣe ń jó, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ́ wọn lọ́rùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyọ kan lajú, ó figbe ta, àwọn tó ṣẹ́kù fò lọ. Ó wá ń sun ẹran. Igi ń fi ara gbora lókè, wọ́n ń ké, ariwo náà sú u, ló bá gùn ún lọ pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Igi há a mọ́bẹ̀. Ìkookò dé, wọ́n jẹ ẹran náà tán lójú rẹ̀ kòrókòró.

Ọlọ́gbọ́n wo ló wà níbẹ̀? Òpùrọ́ alájẹkì kan ni, pẹ̀lú àwọn aláìfura tó ń jó. Ọmọ á rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí òun náà bá puró jẹun, wọ́n á ní ó ń ṣe bí Iktomi, ojú á tì í. Apàlọ́ kì í dúró sọ pé «ìtàn yìí kọ́ wa pé». «Heháŋyela owíhaŋke» ni wọ́n fi ń kádìí rẹ̀: ibẹ̀ ló mọ. Ẹni tó bá fi ọgbọ́n sínú orúkọ ti tú àṣírí tí apàlọ́ fẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ wá rí. Àlọ́ tó. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Atúmọ̀:

Ẹ̀gbọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Àlọ́ lásán ò tó o. Tí mo bá kọ àlọ́, ẹlòmíràn á máa retí àlọ́ àpamọ̀, kó lè dáhùn. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: Ptesáŋwiŋ ńkọ́, obìnrin ẹfọ̀n funfun tó pàdé ọdẹ méjì? Èyí tó ro èròkérò sí i di egungun lójú ẹsẹ̀. Ìkejì ló rán sílé láti lọ sọ pé òun ń bọ̀, òun ló sì kó ìkòkò tábà mímọ́ wá fún wọn. Ṣé ẹ fẹ́ ká ka ìyẹn náà mọ́ ti pẹ́pẹ́yẹ? Ọgbọ́n pọ́ńbélé ni!

Ìyá Ìbàdàn:

Atúmọ̀ ọmọ mi, ìtàn Ptesáŋwiŋ kì í ṣe ohúŋkakaŋ rárá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n kà á sí. Ìkòkò tábà náà wà ní Green Grass ní South Dakota títí dòní, ìdílé Looking Horse ló ń tọ́jú rẹ̀. Ella Deloria, ọmọ Yankton lára àwọn Dakota, ìbátan Lakota, tó dàgbà ní Standing Rock, ya irú ìtàn wọ̀nyí sọ́tọ̀ nígbà tó tẹ 64 nínú wọn jáde ní 1932: ohúŋkakaŋ lápá kan, èyí tí wọ́n gbà pé ó ṣẹlẹ̀ lápá kejì. Àwa náà ní i, àlọ́ àti ìtàn. Bàbá mi tó jẹ́ tíṣà, ẹ pe ọ̀rọ̀ Ọ̀rànmíyàn ní àlọ́ lójú wọn, ẹ máa jáde nílé ni. Irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ dà lónìí? Ọ̀rọ̀ méjì wà nílẹ̀, ẹ̀yin ń dá ẹ̀kẹta.

Ohun tó dùn mí jù ni ške. Òpin gbólóhùn ni wọ́n ń fi í sí nínú ohúŋkakaŋ, kó hàn pé apàlọ́ gbọ́ ọ ni, kò sí níbẹ̀. «Wọ́n ní» tiwa ni, àfi pé iwájú ni tiwa máa ń wà. Atúmọ̀ yọ gbogbo rẹ̀ dànù nínú èyí tó fi ránṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀, «à» iwájú àlọ́gbọ́n lẹ ń bá jà.

Ẹ sì rántí pé láti 1879 tí Carlisle, ilé ìwé àgbélé ìjọba Amẹ́ríkà, ti bẹ̀rẹ̀ ní Pennsylvania títí ó fi parí ní 1918, wọ́n kó ọmọ wọn lọ síbẹ̀, wọ́n gé irun wọn, wọ́n sì fìyà jẹ ẹni tó bá sọ èdè ilé. Ọmọ tí kò sí nílé lálẹ́ ìgbà òtútù, ta ló fẹ́ pàlọ́ fún un? Àwa tí a sanwó ìtanràn torí Yorùbá ní kíláàsì mọ díẹ̀ níbẹ̀.

Akọ̀wé Ìjẹ̀bú:

Ìyá, ẹ ṣeun. Atúmọ̀, tó bá jẹ́ àpamọ̀ ló ń bà ọ́ lẹ́rù, àpagbè ni kó o kọ. Orin wà nínú ti pẹ́pẹ́yẹ.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Houston:

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohùn tó báyìí ṣì ń kọ Sioux. Orúkọ tí àwọn Ojibwe, ẹ̀yà mìíràn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, fi ń pè wọ́n ni, àwọn Faransé ló gé e kù. Lakota ni, Dakota ni, ẹ pè wọ́n bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn.

Akọ̀wé Ìjẹ̀bú:

Mo kọ «tí ìwé ń pè ní». Ìwọ tó ń jẹ́ Yorùbá, ṣé kì í ṣe orúkọ tí Haúsá fi ń pe àwọn ará Ọ̀yọ́ bàbá rẹ ni?

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Houston:

A ti ja ìjà yẹn rí níbí, ẹ ò mú ẹ̀rí wá. Ẹ jẹ́ n padà sórí ọ̀rọ̀: alọ́gbọ́n tí ẹ fi ń bú Atúmọ̀, orúkọ Iktomi gan-an ni. Ta ló tún ń lọ́ ọgbọ́n jù ú lọ? Ẹ fún un.

Atúmọ̀:

Mo gbà á fún Iktomi. Àlọ́gbọ́n mi ò kúrò nílẹ̀ o.

Ìyá Ìbàdàn:

Kí ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ: Atúmọ̀ kọ «alántakùn» nínú ìwé rẹ̀, Akọ̀wé kọ «aláǹtakùn» lókè yìí. Níbo ni ǹ yẹn ti wá, ta ló sì ní kí ohùn rẹ̀ wálẹ̀?