Màjàlà ń bọ́ sínú àgbàlá wa, nígbà wo ló yẹ ká sá?

Ìyá Àdùkẹ́, Èjìgbò:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Iná ọyẹ́ ti ń jó pápá tó wà létí kánà lẹ́yìn ilé wa láti ọ̀sán. Èéfín ti bo àdúgbò, màjàlà sì ń bọ́ sórí aṣọ tí mo sá. Kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ mò ń gbọ́ bí koríko ṣe ń ta. Èmi, àwọn ọmọ méjì àti màmá mi tó ní ikọ́ fée la wà nílé. Ọkọ mi ṣì wà níbi iṣẹ́ ní Àpápá. Lórí WhatsApp àdúgbò, ẹnì kan ní iná ti mú ilé epo, ẹlòmíì ní irọ́ ni, ẹnì kan tún fi fídíò ilé alájà mẹ́rin tó ń jó ránṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kò sí irú ilé yẹn ládùúgbò wa. Ta ni ká gbà gbọ́? Ká jókòó ni àbí ká máa lọ? Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Bọ̀dé Súrùlérè:
Ẹ pe 112 tàbí 767, ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. Ẹ má rò pé ẹlòmíì á ti pè. Ẹ dárúkọ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí, kí ọkọ̀ panápaná má baà ṣìnà. Ẹ ti ẹnu gáàsì pa, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tó bá wà lẹ́yìnkùlé, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀.

Bàbá Ìsọlọ̀:
Ìyàwó wa, pẹ̀lẹ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2002, tí bọ́ǹbù ń dún ní àgọ́ ọmọ ogun Ìkẹjà, ojú ọ̀run pọ́n, ilé ń mì, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. A kàn ń sá ni. Báyìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe sá wọ kánà Òkè-Àfá nínú òkùnkùn. Ewé ti bo ojú omi, wọ́n rò pé ilẹ̀ ni. Àwọn tó kú lé ní 1,000, púpọ̀ nínú wọn ni omi gbé lọ. Ẹni tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi wà lára wọn. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í sá láì kọ́kọ́ wo ibi tí mo ń sá lọ.

Torí náà, bọ́ síta, so aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ okùn, kí o wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé e sí. Tó bá ń fẹ́ bọ̀ sọ́dọ̀ yín, tí màjàlà tó ń bọ́ sì ṣì ní iná lára, má dúró de ẹnikẹ́ni. Tó bá ti tutù kó tó balẹ̀, àyè ṣì wà láti palẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ lè yí, nítorí náà jẹ́ kí màmá àti àwọn ọmọ kọ́kọ́ lọ, báyìí tí ilẹ̀ ò tíì ṣú. Títì ni kí wọ́n gbà. Kí wọ́n má gba ọ̀nà kánà, bó ti wù kó yá tó.

Ohun kan tún ń jẹ mí lọ́kàn: géètì àdúgbò. Ní Èkó yìí, tó bá ti di òru, ọ̀pọ̀ àdúgbò ń ti géètì pa, ọwọ́ ọlọ́dẹ ni kọ́kọ́rọ́ ń wà. Lọ bá ọlọ́dẹ yín nísinsìnyí, kó ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ mọ́jú. Irin tẹ́ ẹ fi ń dènà olè lójú fèrèsé àti lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lórí ìṣó kan ṣoṣo, kí ọmọ tó kéré jù nínú ilé mọ ibẹ̀. Mo ti rí ìdílé tí iná ká mọ́ ẹ̀yìn irú irin bẹ́ẹ̀.

Ti WhatsApp, ẹni tó bá ní iná ti dé ibì kan, bi í pé ṣé ó fojú ara rẹ̀ rí i, aago mélòó sì ni. Bí kò bá lè dáhùn, fi í sílẹ̀. Fi rédíò alábátìrì sí Radio Lagos 107.5 tàbí Bond FM 92.9, torí wọ́n lè mú iná lọ nígbàkigbà.

Nọ́ọ̀sì Mushin:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú màmá. Ìbòmú aláṣọ kì í dá èéfín dúró, N95 ni kẹ́ ẹ béèrè nílé oògùn. Kí wọ́n tó gbéra, ẹ ti fèrèsé, ẹ fi aṣọ tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn, ẹ má dáná, ẹ má tan jẹnẹrétọ̀. Oògùn tí wọ́n ń fà sí ọ̀fun, ọwọ́ wọn ni kó wà, kó má wà nísàlẹ̀ báàgì. Bí wọn ò bá lè sọ gbólóhùn kan tán kí èémí tó gé mọ́ wọn lẹ́nu, ilé ìwòsàn ló kàn o, ẹ má dúró wo ibi tí iná dé.

Ìyá Àdùkẹ́, Èjìgbò:
Bàbá, ẹ ṣé. Nọ́ọ̀sì, Bọ̀dé, ẹ ṣé gan-an. Mo pe 767, wọ́n gbé e. Màmá àti àwọn ọmọ ti dé ọ̀dọ̀ àbúrò mi ní Ọ̀ṣòdì. Afẹ́fẹ́ ń gbé èéfín lọ sí òdìkejì kánà báyìí, àmọ́ mi ò tíì tú báàgì. Ọlọ́dẹ wa ní láti oṣù tó kọjá ni kọ́kọ́rọ́ géètì kejì ti sọnù. Bí mo ṣe ń kọ èyí, àwọn ọkùnrin àdúgbò ń fi ayùn gé àgádágodo rẹ̀.