Ṣé eyín tí a gbìn sínú egungun àfikún a máa pẹ́ bí ti egungun àbínibí?

Ìyá Ìbejì, Bódìjà:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Ọdún kẹfà rèé tí wọ́n ti yọ eyín ẹ̀yìn méjì fún mi lókè lápá ọ̀tún, láti ìgbà náà ni mo sì ti ń fi apá òsì nìkan jẹ ẹran. Dókítà tí mo lọ rí sọ pé egungun ibẹ̀ ti joro tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè gba ìṣó eyín, ìyẹn irin kékeré tí wọ́n ń gbìn sínú egungun láti gbé eyín àtọwọ́dá ró, àfi bí òun bá kọ́kọ́ fi egungun mìíràn kún un, kí a sì dúró fún oṣù mẹ́fà. Owó náà kò kéré rárá. Ṣé eyín tó dúró lórí egungun àfikún yóò tó ọdún mẹ́wàá bí èyí tó wà nínú egungun tí Ọlọ́run dá mọ́ni?

Oníṣègùn Eyín, Mọ́kọ́lá:
Ìyá, ẹ kú ìfaradà. Lọ́dún 1965 ni oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Brånemark gbin irú eyín yìí sẹ́nu ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Sweden, lẹ́yìn tó ti rí i lára ehoro pé egungun a máa dì mọ́ irin tí wọ́n ń pè ní titanium gbágbáágbá. Dídì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Bí a bá fi egungun kún ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ̀jẹ̀ yóò wọ inú rẹ̀, ara yóò sì máa kọ́ egungun tuntun tirẹ̀ sáàárín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ìṣó náà yóò fi rí ohun gidi dì mọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ìwádìí, ó ju 90 nínú 100 lọ tó ṣì dúró lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ní irú egungun méjèèjì. Níbi tí ìyàtọ̀ ti máa ń hàn ni ibi tí wọ́n bá ti gé odidi egungun láti ìbàdí wá tún ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ́, nítorí pé irú èyí a máa sún kì. Ìṣó àtijọ́ tí ojú wọn ń dán náà kò sì dì mọ́ egungun àfikún tó àwọn ti òde òní tí ojú wọn ṣe ṣákaṣàka.

Bàbá Dúgbẹ̀:
Ìyá Ìbejì, ìṣó méjì ni mo ní: ọ̀kan wà nínú egungun àfikún lókè, èkejì wà nísàlẹ̀ nínú egungun àbínibí. Ti ìsàlẹ̀ tí ọkàn mi balẹ̀ lé ló bọ́ ní ọdún keje. Fún bí oṣù mẹ́rin ni mo fi ń rí ẹ̀jẹ̀ ní ẹnu pákò mi láràárọ̀, ṣùgbọ́n kò dùn mí, bẹ́ẹ̀ ni mo ní àtọ̀gbẹ tí n kò ṣọ́ dáadáa. Ilé ìtọ́jú tó gbìn ín kò sọ fún mi rí pé kí n máa padà wá fún fífọ̀, ó sì ká mi lára títí di òní. Ti òkè ṣì dúró digbí.

Oníṣègùn Eyín, Mọ́kọ́lá:
Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́. Àwọn okùn tín-ín-tín ló so eyín tiwa mọ́ egungun, ìṣó kò ní irú rẹ̀, kòkòrò sì lè máa jẹ egungun ìdí rẹ̀ láìsí ìrora. Ìyá, ẹ bi dókítà yín pé mílímítà mélòó ni egungun tó kù lábẹ́ ihò afẹ́fẹ́ tó wà lókè eyín náà. Bí ó bá tó bíi márùn-ún, ó ṣeé ṣe kó gbin ìṣó lọ́jọ́ kan náà tó fi egungun kún un. Bí kò bá tó, ẹ jẹ́ kí oṣù mẹ́fà náà pé.

Ìyá Ìbejì, Bódìjà:
Ẹ ṣeun gan-an. N kì í mu sìgá, n kò sì ní àtọ̀gbẹ. Àwòrán egungun náà wà lọ́wọ́ mi. Ìlà funfun tín-ín-rín bí etí àwo ló kù níbẹ̀. Mo máa gbé e padà lọ lọ́jọ́ Ajé, kí dókítà fi rúlà wọ̀n ọ́n lójú mi.