Kẹ̀kẹ́ tí a gùn nítorí panápaná tí jẹjẹrẹ mú: ẹ sọ ìrírí yín

Ọmọ Iná:
Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ panápaná ni jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ mú. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń di rọ́bà omi mú kó má baà gbé èèyàn ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ rí nínú ìtọ̀. Kò dùn ún rárá, ló bá ní omi ni òun ò mu tó. Oṣù mẹ́ta ló fi pa á mọ́ra. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ kì í ṣe ohun tí à ń wò níran, bí kò tilẹ̀ dunni.)

Nígbà tí a ní a fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ fún 80 kìlómítà láti bá a kówó ìtọ́jú jọ, ó yarí. Ó ní, "Ṣé ẹ fẹ́ máa fi mí ṣagbe ni?" Ìyàwó rẹ̀ ló pẹ̀tù sí i lọ́kàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹnì kan nínú wa ní kó gbé aṣọ iná rẹ̀ wọ̀ ká fi ya fọ́tò. A tú u jáde nínú àpò. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti wọ̀ ọ́ kẹ́yìn, síbẹ̀ òórùn èéfín gbòde. Ọrùn aṣọ náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Ìyàwó rẹ̀ já a gbà, ó ká a padà sínú àpò, ó ta á ní kókó. "Aṣọ yìí ò ní kan ara ọkọ mi mọ́." Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wa lẹ́nu.

Ká sòótọ́, àwa la máa ń fi ẹ̀gbin yẹn yangàn. Ẹni tí akoto rẹ̀ bá mọ́, ọ̀lẹ là ń pè é. Lọ́dún 2022 ni IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, gbé iṣẹ́ panápaná sí ìsọ̀rí àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ, ti àpò ìtọ̀ sì wà lára èyí tí wọ́n dárúkọ. Májèlé èéfín kì í gba imú nìkan wọlé, ó ń gba awọ ara pẹ̀lú. Ní báyìí, bí a bá ti ibi iná dé, ìwẹ̀ ló kàn.

Ìrìn ọ̀hún ńkọ́? Òkè kan wà níbẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ibẹ̀ ni ṣéènì mi ti yọ. Ọ̀gá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé wa, ó ní kí n yà lọ́nà. Oògùn ti sọ orí ìka rẹ̀ di kíkú, kò mọ̀ bóyá irin lòun dì mú tàbí afẹ́fẹ́. Ojú ló fi ń wá ohun tí ọwọ́ ò mọ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ṣéènì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ nawọ́, mo rántí ara mi. Nígbà tí ṣéènì wọlé, Ọ̀gá fi ṣòkòtò mi nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Ó yá, máa lọ."

Ìyá Ìbejì:
Tiyín dùn ún gbọ́. Nínú èyí tí mo bá wọn lọ, àkáǹtì ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo owó wọ̀. A béèrè ìṣirò, ó ní a ò fọkàn tán òun. A ò sì fọkàn tán an lóòótọ́! Ẹ jẹ́ kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí owó, ẹ má tijú.

Baba Onísùúrù:
Ní tiwa, èmi gan-an ni wọ́n gun kẹ̀kẹ́ fún. Jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ tèmi ò tíì wọnú iṣan ara àpò náà, nítorí náà BCG ni wọ́n lò, èyí tí wọ́n ń gún fún ọmọ tuntun nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Wọ́n fi rọ́bà tín-ín-rín dà á sínú àpò ìtọ̀, wọ́n ní kí n mú un dúró fún wákàtí méjì. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò.

Ọjọ́ tí wọ́n gun kẹ̀kẹ́, ariwo pọ̀, inú mi dùn. Ọ̀sẹ̀ kejì, ilé dá. Ọ̀kan péré nínú wọn ló ṣì ń wá. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Á gbé mi lọ gba oògùn, á jókòó sínú ọkọ̀ títí n ó fi jáde.