Olú aláwọ̀ búrẹ́dì tí a rí lábẹ́ igi oak ní Kent, ṣé jíjẹ ni?

Ìyá Tẹni
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará wa. Sátidé tó kọjá lẹ́yìn tí òjò dá, èmi àtàwọn ọmọ wọ igbó kan nítòsí ilé wa ní Kent níbí, ni ọmọ mi obìnrin bá pariwo pé mọ́mì ẹ wá wo búrẹ́dì nílẹ̀. Búrẹ́dì kẹ̀! Olú ni, orí ẹ̀ pọ́n bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ààrò, ẹsẹ̀ ẹ̀ wá ki bí ọmọ odó. Nígbà tí mo dojú ẹ̀ dé, kò ní àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé ìwé tí olú ọ̀gán máa ń ní, ihò wẹ́wẹ́ ló kún ibẹ̀ bíi fóòmù tá a fi ń fọ abọ́. Mẹ́ta la rí, méjì lábẹ́ oak, ọ̀kan lábẹ́ beech.

Mọ́mì mi tó wá kí wa láti Ìkàrẹ́ ní ká fi se ẹ̀gúsí. Wọ́n ní ìdin wà nínú ọ̀kan, pé ohun tí kòkòrò bá ti jẹ kì í pa èèyàn, pé ká ju àlùbọ́sà sí i tó bá ń hó, tí àlùbọ́sà ò bá ti dúdú kò séwu. Ọkọ mi ní ká yáa dà á nù. Ó ṣì wà nínú fíríìjì. Ẹ jọ̀ọ́ kí ni kí n ṣe?

Ará Aberdeen
Ẹ má tíì sè é o. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń wá olú ní Scotland níbí, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ìdí nìyẹn tí mo fi máa sọ ọ́ kúnná fún yín.

Ihò wẹ́wẹ́ yẹn ti sọ nǹkan púpọ̀, ìdílé bolete nìyẹn. Èyí tí gbogbo ayé ń wá nínú wọn ni Boletus edulis, òyìnbó ń pè é ní penny bun torí ó jọ búrẹ́dì roboto ayé àtijọ́ lóòótọ́, àwọn ará Ítálì ní porcini. Ẹ wo òkè ẹsẹ̀ ẹ̀, lẹ́bàá ibi tó ti kan orí. Tó bá jẹ́ òun, ẹ máa rí àwọ̀n funfun tín-ín-rín bí ẹni pé wọ́n ta àwọ̀n apẹja mọ́ ọn lára. Ihò ẹ̀ á funfun ní kékeré, á di yẹ́lò, á wá di aláwọ̀ ewé bàìbàì tó bá gbó. Tí ẹ bá là á sí méjì, inú ẹ̀ á funfun, kò ní yí padà.

Èyí tó máa ń tan èèyàn ni bitter bolete. Àwọ̀n tiẹ̀ dúdú ju ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ, ihò ẹ̀ á máa di píńkì tó bá dàgbà. Kò ní pa yín, ṣùgbọ́n ó korò ju ewúro tí wọn ò fọ̀ lọ, ọ̀kan ṣoṣo tó bá bọ́ sínú ìkòkò, ọbẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Èyí tí ihò ẹ̀ bá pupa ẹ fi sílẹ̀ níbi tí ẹ ti rí i, devil's bolete wà lára wọn, orí ẹ̀ funfun bí ẹfun, èébì tó máa ń fà kì í ṣe kékeré. Ti pé olú di búlúù tí ẹ bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ìyẹn nìkan ò ní kẹ́ ẹ sá, bay bolete ń ṣe bẹ́ẹ̀, jíjẹ sì ni.

Nọ́ọ̀sì Fúnmi
Ẹ bá wa kí mọ́mì ma. Ohun tí wọ́n mọ̀ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n igbó Ìkàrẹ́ ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Olú ọ̀gán, ikán ló ń gbìn ín, ẹni tó bá ti mọ ọ̀gán ti mọ olú ẹ̀ dájú. Èyí tó ń hù lára ọ̀pẹ tó ti kú, inú nǹkan bí ẹyin ló ti máa ń yọ, death cap ibí, olú olóró tó ń pa èèyàn, náà sì ń yọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyẹn fún àwa tá a ti òkèèrè wá. Ní Canberra ní Australia, ìbẹ̀rẹ̀ 2012, èèyàn méjì kú lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ẹ́ níbi oúnjẹ alẹ́ ọdún tuntun.

Àlùbọ́sà ò lè mọ májèlé yẹn, sísè ò lè pa á, ìgbín gan-an ń jẹ ẹ́ tí nǹkan kan ò ṣe é. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ó lè tó wákàtí mẹ́fà sí méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì kó sì máa yàgbẹ́ gbuuru, á wá dà bíi pé ara ẹ̀ ti yá, ẹ̀dọ̀ ló sì ń bà jẹ́ lábẹ́lẹ̀ yẹn. Torí náà ẹni tó bá fura, kó má dúró de ìgbà tí inú máa run ún, ọsibítù ni kó gbà lọ, kó mú èyí tó ṣẹ́ kù dání.

Akin Essex
Ẹ fi kún un pé Epping Forest, igbó ńlá tó wà lẹ́bàá London, ò gbà kéèyàn tu olú rárá o. Ní ibòmíì ní England, òfin 1968 ò ka ẹni tó tu olú inú igbó sí olè bí kò bá ti tà á, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá Tẹni
Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo gbé e jáde, èmi àti mọ́mì tan iná sí i. Àwọn méjì abẹ́ oak, àwọ̀n funfun, inú wọn funfun báláú. Ti abẹ́ beech, àwọ̀n ẹ̀ dúdú, ihò ẹ̀ sì ti ń pọ́n díẹ̀! Mi ò fi mọ síbẹ̀, mo gbé gbogbo ẹ̀ lọ bá àwọn tó ń kó èèyàn lọ wá olú ládùúgbò wa ní Sunday, bàbá òyìnbó kan yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ohun tí Ará Aberdeen sọ náà ló sọ.

Ọ̀kan nínú àwọn penny bun náà, ìdin ti gbẹ́ inú ẹ̀ bí ọ̀nà ikán, a dà á nù pẹ̀lú èyí tó ń korò. Ẹyọ kan tó kù la gé pẹlẹbẹ, a dín in nínú bọ́tà títí ó fi pọ́n. Mọ́mì ní ó ń rùn bí ẹ̀pà yíyan. Wọ́n ti ń bi mí pé Sátidé wo la tún ń lọ.