Láti yíya ojú áàpù bọ́ sídìí géèmù: ibo ni kí obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ l'Óṣogbo?

Ọmọ Òkè-Fìà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àbúrò mi obìnrin ń fi Figma, irinṣẹ́ ìyàwòrán orí kọ̀ǹpútà, ya ojú áàpù fáwọn oníbàárà níbí. Ó wù ú kó bọ́ sídìí géèmù, kó jẹ́ òun láá máa pinnu ibi tí ìka máa tẹ̀ àti bí géèmù ṣe máa dáhùn. RAM 4GB ni láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ní. Ṣé yóò gbé e?

Aláyò: Á gbé e. Ẹ ní kó gba Godot, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá ń dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀, nínú àwọn ọ̀nà tí Godot ń gbà yàwòrán géèmù, kó mú Compatibility, kó fi Forward+ sílẹ̀. Vulkan, ètò tuntun tó ń bá káàdì àwòrán sọ̀rọ̀, nìyẹn sábà máa ń lò, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ò sì gbà á.

Ayò ọlọ́pọ́n ni kó kọ́kọ́ ṣe: ihò 12, ọmọ 48. Lójú fóònù tó fẹ̀ tó 360dp (dp ni ìwọ̀n tí Android fi ń wọn ojú fóònù), ihò 6 á wọ ìlà kan: 48dp fún ihò kọ̀ọ̀kan, àlàfo 8dp láàárín wọn àti létí méjèèjì, 344 ni gbogbo ẹ̀. Tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀, àtàǹpàkò á máa ṣi ihò tẹ̀.

Ìgbà tí ọmọ bá ń bọ́ sí ihò lọ́kọ̀ọ̀kan ni wàhálà ń dé. Ká ní ọmọ kan ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 0.2, ọmọ 12 á gba 2.4. Ẹni tó ń ta á rò pé fóònù ò gbọ́, á tún tẹ̀. Bí kò bá ti ìtẹ̀ pa títí ọmọ tó kẹ́yìn á fi bọ́ sílẹ̀, títa méjì á wọnú ara wọn, ọmọ lè má pé 48 mọ́. Ihò tí wọ́n tẹ̀ gbọ́dọ̀ yí àwọ̀ kí ìṣẹ́jú-àáyá 0.1 tó pé.

Ìyá Géèmù: Fọ́ńtì ńkọ́? Àmì ìsàlẹ̀ àti àmì ohùn ló pàdé lára ẹ́ àti ọ̀. Fọ́ńtì tí kò gbé wọn á gbé àpótí òfìfo jáde. Noto Sans gbé wọn.

Kó gbé e lọ Ọjà Ọba lọ́sàn-án gangan, kóòrùn mú ojú fóònù. Kó fún èèyàn márùn-ún, kó panu mọ́, kó máa wo ìka wọn. Kó má bi wọ́n bóyá ó dùn. Ojú rẹ̀ ni wọ́n máa rò, wọ́n á ní ó dùn.

Aláyò: Òótọ́ ọ̀rọ̀.

Ọmọ Òkè-Fìà: Ẹ ṣé gan-an. Tó bá ń wáṣẹ́, kí ló máa fi hàn? Wọ́n ti ń sọ fún un pé iṣẹ́ ọkùnrin ni.

Ìyá Géèmù: Ẹ má dá wọn lóhùn. Obìnrin ni Carol Shaw tó ṣe géèmù River Raid fún ẹ̀rọ géèmù Atari 2600 lọ́dún 1982.

Fídíò ìṣẹ́jú kan ni kó fi hàn: ẹ̀dà tí wọ́n ń ṣi ihò tẹ̀ àti èyí tó tún ṣe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Kó gbé géèmù náà sórí itch.io, ìkànnì táwọn tó ń ṣe géèmù ń gbé iṣẹ́ wọn sí, kò gba kọ́bọ̀. Google Play ń gba dọ́là 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àkáǹtì aládàáni tuntun sì gbọ́dọ̀ ní èèyàn 12 tó ń dán an wò fọ́jọ́ 14 láìdáwọ́ dúró. Kó tètè máa kó wọn jọ.